Wàhálà ti Lọ, Ara Ò Tíì Gbọ́

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú, tí mi ò sì rí ẹni bi í. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ni ara mi wá kọ iṣẹ́? Lọ́dún tó kọjá, àìsàn bàbá mi ò jẹ́ ká rójú ráyè, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi láàárín ẹ̀, gbèsè sì wọlé tọ̀ wá. Bàbá lọ, a sì sin wọ́n. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń jí, mo ń sáré, mo ń dá àwọn ènìyàn lóhùn, ẹ̀fọ́rí lásán ò mú mi. Ọdún wá yí, mo ríṣẹ́ mìíràn, gbèsè ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú ilé. Ìgbà yẹn gan-an ni mo wá di ẹni tí ife omi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń bú sẹ́kún.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọdún náà ń kí mi dáadáa. "Ọkàn akin lẹ ní o." "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." "Ó ti kọjá, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn." Mo ń ṣàmín, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń sọ pé ó ti kọjá, nǹkan kan nínú mi a máa ní kò tíì kọjá, mi ò sì lè ṣàlàyé ohun tó kù. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan. Mo mọ ọ̀fọ̀, mo mọ bó ṣe ń wá, mo mọ bó ṣe ń lọ. Eléyìí yàtọ̀. Ó ń rẹ̀ mí láti àárọ̀, oorun ń kùn mí lọ́sàn-án, ó ń dá lójú mi lóru, inú sì ń bí mi sí àwọn tí kò ṣẹ̀ mí.

## Ìpè òru kan

Lóru ọjọ́ kan, fóònù dún. Oorun ti gbé mi lọ díẹ̀. Mo gbé e sétí, àbúrò mi ọkùnrin ni, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ rín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ẹ tẹ́tí, ẹ ṣáà tẹ́tí." Ó gbé fóònù sún mọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò fẹ́ sùn, ọmọ náà sì ń pe "bàá, bàá, bàá" láìdákẹ́, ni bàbá rẹ̀ bá tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ yìí ti mọ ẹni tó ń pè," mo ṣàdúrà fún un, a sì kí ara wa pé ó dàárọ̀.

Ìgbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀ ni mo tó rí ara mi. Orí ìdúró ni mo wà. Bàtà kan ti wà lẹ́sẹ̀ mi, èkejì wà lọ́wọ́ òsì. Fáìlì tí a ń kó ìwé ìlera bàbá mi sí wà lábíyá mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo dìde. Mi ò rántí ìgbà tí mo nawọ́ sábẹ́ tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí fáìlì náà ti ń gbé láti ìgbà tí àìsàn náà ti le. Kí n tó dáhùn ìpè, ẹsẹ̀ ti wá bàtà rí, ọwọ́ ti wá fáìlì rí, nítorí pé lọ́dún yẹn, bí fóònù bá dún lóru, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi í sọ ni pé kí n máa bọ̀.

Bàbá mi ti wà nínú ilẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún àìmọye ènìyàn. Ẹsẹ̀ mi ni ò tíì mọ̀.

Mo jókòó sétí ibùsùn, mo fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ mi. Àyà mi ń lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ mi tutù, ẹnu mi gbẹ. Ìròyìn ayọ̀ ni mo gbọ́ o, ara mi sì ti di àmùrè ogun. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹni náà kì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ejò ni tàbí ekòló. Ẹsẹ̀ ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí ojú tó ríran dáadáa, kò sì sí àlàyé tí ẹ máa ṣe fún un nípa ekòló tó máa bá ẹsẹ̀ yẹn lójú ọ̀nà.

Láti orí ibùsùn yẹn ni àárẹ̀ tí mo ń gbé kiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Bí ara bá ń múra ogun nígbàkígbà tí fóònù bá dún, tí ilẹ̀kùn bá gbá, tí ẹnìkan bá fi ohùn líle pe orúkọ mi, irú oorun wo ló máa tó o?

## Ohun tó ń lọ lábẹ́lẹ̀

Láti ọdún 1915 ni Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, ti ṣàlàyé apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Bí ewu bá yọjú, àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín a tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa sáré, mímí a máa yá, ẹ̀jẹ̀ a ṣẹ́rí kúrò níbi ìfun, á gba inú ẹran apá àti ti ẹsẹ̀ lọ, kí ènìyàn lè jà tàbí kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kì í fi í dùn lẹ́nu ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ cortisol ló máa ń tẹ̀ lé e, tirẹ̀ sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ti adrenaline lọ. Ó ń rí i pé ṣúgà tó máa di agbára ò wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sún àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú síwájú.

Kò sí ohun tó burú nínú gbogbo èyí bó bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán tó sì padà. Àìpadà ni wàhálà. Lọ́dún 1936, Hans Selye tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal kọ lẹ́tà kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Ó ti rí i pé eku tí wọ́n fi sínú òtútù, èyí tí wọ́n ṣe léṣe, àti èyí tí wọ́n mú ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣe ara gbogbo wọn. Ìpele mẹ́ta ló pín in sí. Àkọ́kọ́ ni ìdágìrì. Ìkejì ni pé ara á mú un mọ́ra, á máa bá a yí. Ìkẹta ni pé agbára á tán.

Ìpele kejì yẹn ló gba ọkàn mi jù lọ. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ẹ̀dá tó wà ní ìpele kejì kò níṣòro. Ó ń rìn, ó ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń san owó rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bruce McEwen tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Rockefeller fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí owó tí ara ń san yìí. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1993, wọ́n sì fi hàn pé ohun tó ń gba ènìyàn là lónìí lè máa jẹ ẹ́ run lọ́la bí kò bá dáwọ́ dúró: ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, agbára ìrántí tó ń dín kù. Nígbà tí mo kà á, mo rí ọdún tó kọjá kedere. Kì í ṣe pé kò rẹ̀ mí nígbà náà. Ara ò ráyè sọ ọ́ ni.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń sọ pé "gbogbo ẹ̀ ti dára báyìí" kì í kà sí. Lọ́dún 1967, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to nǹkan mẹ́tàlélógójì tó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó. Ikú ọkọ tàbí aya ló wà lókè pátápátá, 100. Kí wọ́n dá ènìyàn dúró níbi iṣẹ́, 47. Ìgbéyàwó ńkọ́? 50. Kódà wọ́n fún ìsinmi ráńpẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní 13. Mi ò rò pé nọ́ńbà kan lè bá gbogbo ènìyàn mu, nítorí ikú kì í rí bákan náà nínú ilé méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́: ire náà ń gba agbára. Iṣẹ́ tuntun tí gbogbo ènìyàn bá mi yọ̀ sí, ẹ̀kọ́ tuntun ló jẹ́ fún mi, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tuntun tí mo ní láti kọ́ ìwà wọn. Orí ara tó ti gbẹ ni mo gbé e lé.

## Ìyìn tó ń wúwo

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa bí a ṣe ń yin ara wa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, torí pé àwọn tó yìn mí ni wọ́n dúró tì mí. Ohun tí a máa ń yìn ni ìpele kejì. A máa ń wo ẹni tí kò sunkún, tí kò sinmi, tí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a ó sì ní, "Ẹ wò ó, ó lágbára." Ẹni tí a bá ti yìn bẹ́ẹ̀, ó di dandan kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá sọ fún àwọn tó ń pè é ní akin pé òun ò rí oorun sùn?

Lójú tèmi, ibòmíràn ni agbára wà. Ó wà nínú kí ènìyàn lè bọ́ ìhámọ́ra sílẹ̀ nígbà tí ogun bá tán. Ẹni tí àyà rẹ̀ já nígbà tí fóònù dún, tó sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sàn ju ẹni tí ojú rẹ̀ ò yí padà ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ò rọlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. A kì í rí ẹni àkọ́kọ́ yẹn yìn, nítorí pé kò sí ohun tí ojú rí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "ọpẹ́ ló yẹ wá, àwọn mìíràn ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ọpẹ́ yẹ, mo sì ń dú u. Àmọ́ ìyà ẹlòmíràn kì í dín tẹni kù, bẹ́ẹ̀ ni ìdúpẹ́ ò ní kéèyàn má sọ ibi tó ń dùn ún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọjọ́ tí mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi náà ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi kún un pé gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń rí bí tèmi. George Bonanno, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí nípa ọ̀fọ̀, kọ ọ́ lọ́dún 2004 pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pàdánù ẹni wọn tí wọ́n sì ń bá ìgbésí ayé wọn lọ láìsí pé àìsàn kan fara pa mọ́ sí wọn lára. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò sunkún, ẹ má ṣe fipá mú un sunkún nítorí pé ẹ ti ka ohun tí mo kọ.

## Ajá tó dùbúlẹ̀

Ìwádìí kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí láti kà á. Lọ́dún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier ní Yunifásítì Pennsylvania fi iná mànàmáná gbọn àwọn ajá kan, láìsí ohun tí ajá lè ṣe láti dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn síbi tí wọ́n ti lè bọ́ bí wọ́n bá fo ìdènà kúkúrú kan kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fò. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń ké, wọ́n ń jẹ ìyà náà. Àwọn onímọ̀ náà ní ajá ti kọ́ ọ pé asán ni gbogbo ìgbìyànjú òun. Àlàyé yẹn ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fún bí àádọ́ta ọdún.

Lọ́dún 2016, àwọn méjèèjì kan náà tún kọ̀wé pé àlàyé àkọ́kọ́ yẹn dorí kodò. Ìwádìí inú ọpọlọ ti fi hàn pé kò sí ẹni tó ń kọ́ ìdùbúlẹ̀. Bí ìyà bá pọ̀ tó sì pẹ́, ìdùbúlẹ̀ ni ara ẹ̀dá máa kọ́kọ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀dá ń kọ́ ni òdì kejì rẹ̀, pé ọwọ́ òun lè yí nǹkan padà. Apá iwájú ọpọlọ ló ń kọ́ ọ, òun náà ló sì máa ń pa ìdágìrì tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe tu ẹni tó rẹ̀ lára tó. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọdún líle, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ìwà yín. Ara yín ṣe ohun tí ara ń ṣe ni. Ìbéèrè tó kù ni bí ẹ ṣe máa fi hàn án pé ọwọ́ yín tún ti tó nǹkan.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń fi hàn án. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà fẹ́ wo àwọn ajá yẹn sàn, wọ́n pè wọ́n títí, wọ́n fi oúnjẹ tàn wọ́n, pàbó ló já sí. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n fi okùn fà wọ́n kọjá ìdènà náà léraléra, títí ẹsẹ̀ ajá fi mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ pé ibi tí òun dé yìí, kò sí ìyà níbẹ̀. Ẹ̀rí ni ara ń gbà, kì í gba àlàyé.

Ìyẹn ni mo fi ń wá àwọn nǹkan kéékèèké tí mo lè ṣe tí màá sì rí àbájáde rẹ̀ lójú ara mi. Mo pààrọ̀ ohùn tí fóònù mi fi ń dún. Ohùn àtijọ́ yẹn, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́ láìwá bàtà, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo fi orin jẹ́jẹ́ kan tí mi ò gbọ́ rí lọ́dún náà rọ́pò rẹ̀. Mo bá àwọn àbúrò mi sọ ọ́ pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni wọ́n fẹ́ bá mi sọ lóru, kí wọ́n kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Wọn ò bi mí pé kí ló fà á. Láti ìgbà náà, ìpè òru ti ń di ìpè lásán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àyà mi ṣì ń já nígbà míì, ṣùgbọ́n ó ń tètè padà sáyè rẹ̀.

Ohun tó wúlò nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní kùnà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọdún líle jáde, tó wá dáwọ́ lé e pé òun á máa jí sáré ní ìdájí, òun á kọ́ èdè tuntun, òun á tún ilé ṣe, ẹ̀rí mìíràn pé ọwọ́ òun ò tó nǹkan ló ń lọ wá. Aṣọ tí ẹ ká tán, lẹ́tà kan tí ẹ dáhùn, àga kan tí ẹ gbé kúrò níbi tí ẹ ti máa ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

## Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé

Fáìlì yẹn ni mi ò lè dá gbé. Mo gbìyànjú, mo fọwọ́ kàn án, mo tún fi í sílẹ̀. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ìpè òru náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹsẹ̀ wo lo kọ́kọ́ wọ bàtà sí?"

Mo ní, "Ọ̀tún ni."

"Fáìlì yẹn ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ náà ló ṣì wà?"

"Ibẹ̀ ló wà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màá wá. A ó jọ gbé e."

Wọ́n wá lóòótọ́. A tẹ́ ìwé sílẹ̀ káàkiri. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka déètì sókè, èmi ń tò ó. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn, rìsíìtì tó ti ń parẹ́. Láàárín wọn ni a ti rí ìwé kan tí bàbá wa fi ọwọ́ ara wọn kọ àkókò oògùn sí: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, wọ́n sì ń sààmì sí ìkọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti lò ó. Ní òkè ìwé, àmì náà gún régé. Ní ìsàlẹ̀, ó ti ń wọ́, ó sì ń jáde kúrò lórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ tọ àwọn àmì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì jọ sunkún. Lẹ́yìn náà a ya ìwé yẹn sọ́tọ̀, a kó àwọn tó kù sínú àpótí nínú yàrá mìíràn, abẹ́ tábìlì sì ṣófo.

Lọ́dún 2006, James Coan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó ṣàlàyé ìdí tí ọjọ́ yẹn fi rọrùn. Àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún tó wà nílé ọkọ ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iná mànàmáná díẹ̀ lè ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbàkígbà. Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ ọkọ wọn mú, àwọn ibi tó ń kígbe ewu nínú ọpọlọ wọn rọlẹ̀ gan-an, pàápàá àwọn tí àárín àwọn àti ọkọ wọn dán mọ́rán. Ọwọ́ àlejò pàápàá ṣèrànwọ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìtùnú fún wọn. Ọwọ́ lásán ni.

Èyí tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Emmy Werner ní erékùṣù Kauai, nínú àwọn erékùṣù Hawaii. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ọmọ 698 tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1955, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ọmọ ogójì ọdún. Àwọn kan nínú wọn dàgbà sínú òṣì, ìjà ilé, àìsàn òbí, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn wọ̀nyí ṣì di àgbà tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tó sì ń fẹ́ràn ènìyàn. Ọ̀kan nínú ohun tó hàn léraléra nínú ìtàn wọn ni pé ó kéré tán, ẹnìkan wà tó dúró ṣinṣin tì wọ́n. Kò di dandan kó jẹ́ òbí. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ olùkọ́.

Nítorí náà, bí a bá ń pe ìfaradà ní ohun tí ẹnìkan dá ní sínú ara rẹ̀, mi ò gbà. Bí ẹ bá rí ẹni tó dìde lẹ́yìn ọdún líle, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa rí ẹni tó bá a gbé fáìlì.

## Mímí, oorun àti bíírò

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún yín níbi gbogbo. Mímí jáde díẹ̀díẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ara: bí a bá ń mí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀, bí a bá ń mí jáde, á rọra. Ẹni tó bá mí bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, tí ìmíjáde rẹ̀ sì gùn ju ìmísínú lọ, ọkàn rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ lédè tí ọkàn gbọ́. Oorun ńkọ́? Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí méje, bí kò bá sì sí oorun, gbogbo nǹkan tó kù á máa tì.

Ìwé kíkọ ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. James Pennebaker àti Sandra Beall ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan kọ̀wé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1986. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn pọ̀ mọ́ bó ṣe dùn wọ́n tó, inú wọn bàjẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọn dín kù ní ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹkún ọjọ́ àkọ́kọ́ lé yín.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Ọ̀rọ̀ tèmi jẹ́ ti wàhálà tó ti lọ. Ti ẹlòmíràn ṣì wà nílẹ̀: ọ̀gá tó ń pè é lóru, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta tó wà lọ́rùn ẹnìkan, ẹni tó ń lù ú nínú ilé. Ìwà ìkà ni láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó máa mí jẹ́jẹ́. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ̀rọ̀ nípa kí iṣẹ́ tán ènìyàn lókun lọ́dún 2019, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ibi iṣẹ́ ni, wọn ò pè é ní àìsàn. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ìfaradà òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ di ohun tí agbanisíṣẹ́ fi ń bo ìwà rẹ̀.

## Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí inú yín ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ò dùn mọ́ mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá ju oṣù kan lọ tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣì ń jí yín lójú oorun tàbí tó ń padà wá bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ẹ lọ. Bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ti ń lọ síbi ikú, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ sọ fún ẹnìkan, kí ẹ má sì dá wà. Ìtọ́jú wà: ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti oògùn tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Èmi náà lọ. Mo kọ ohun tó ń ṣe mí sórí ìwé kí n tó dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó rẹ̀ kì í rántí nǹkan níwájú dókítà: ìgbà tí mo ń sùn, ìgbà tí mo ń jí, ìgbà tí àyà mi ń já. Dókítà kà á tán, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lọ́rùn, náà lè mú kó máa rẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi lọ. Bí ẹ bá mọ ẹni tó yẹ kó lọ tí kò tíì lọ, ẹ má kàn sọ fún un pé kó lọ rí dókítà. Ẹ bá a mú ọjọ́, ẹ wá gbé e nílé, kí ẹ sì jókòó dè é títí yóò fi jáde.